Bí mo ṣe tọ́jú ọkọ̀ ojú omi tí kò níṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja

Owó tí a fi jí ọkọ̀ wa dìde nígbà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú mi á tún ru. Tugboat onírin ni, òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń fa báàjì òkúta àti iyanrìn lórí Odò Ọya. Iṣẹ́ dá, a pe ọkùnrin kan tó ní iṣẹ́ òun ni kóun máa tọ́jú ọkọ̀ tó bá dúró. Ó gbowó, ó kun ara ọkọ̀ ní ọ̀dà tó ń dán, ó ti ilẹ̀kùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ tún dé tí a ṣí i, ẹ́ńjìnnì ti há pátápátá. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò ló fi sílẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì fa omi tó ń tù ú lára dànù. Ìsàlẹ̀ táńkì dísù ti ń yọ̀ bí ewédú, nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì dí, eku ti jẹ wáyà jẹnẹrétọ̀. Ọ̀dà ìta nìkan ló ṣì dára.

Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe kò le. Èéfín epo tó ń jó máa ń da ásíìdì sínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ bá dúró lára irin fún oṣù bíi mélòó kan, á máa jẹ ẹ́ níwọ̀nba níwọ̀nba. Kéèyàn fa á dànù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, kó rọ tuntun sí i, kó tan án díẹ̀ kí ọ́ìlì náà lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, kó wá pa á. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ tún tán, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn mọ́. Èmi fúnra mi ni màá gbé e kalẹ̀.

N kò ní máa ka fífọ̀, fífi gíríìsì pa á àti yíyọ bátìrì. Mẹkáníìkì gidi mọ ìyẹn. Ti táńkì dísù nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun máa ń ṣe ni pé wọ́n á kún un dé ẹnu, kí atẹ́gùn má bàa ráyè sínú rẹ̀ kó máa sọ omi. Etí odò ní Lọ́kọ́ja kọ́ nìyẹn! Dísù tó kún táńkì nínú ọkọ̀ tó dúró, olè ni wọ́n fi ń pè. A fa gbogbo rẹ̀ tà, a nu inú táńkì gbẹ, a fi ọ́ìlì pa ara rẹ̀. Mo so asẹ́ kékeré mọ́ ẹnu páìpù tó fi ń mí, nítorí mo ti rí ibi tí agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé dí i pa.

Fáàfù ló wá kù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fẹ́ bà mí lórí jẹ́.

Ihò kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí omi odò ń gbà wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí kò bá sẹ́ni nínú ọkọ̀, tí fáàfù ibẹ̀ bá ń jò, díẹ̀díẹ̀ ni omi á fi kún ilé ẹ́ńjìnnì títí ọkọ̀ á fi rì. Èèyàn gbọ́dọ̀ pa fáàfù náà, kó sì tún fi àwo irin dí ẹ̀yìn rẹ̀ kó bọ́ọ̀tì í. A pa tiwa, omi ṣì ń ṣẹ́ yọ. Ó di dandan ká yọ ọ́ lọ fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kó bá wa tún ojú rẹ̀ rẹ́, kó sì gé àwo irin tí ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ bá a mu. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí omi? Apẹja kan, ọmọ Tápà, ló gbà wá. Ó gbẹ́ igi tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó fi aṣọ wé e, ó fi gíríìsì pa á, ó sì mùwẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. À ń gbọ́ ìró òòlù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó yọrí, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti mu." Mo tú bọ́ọ̀tì pẹ̀lú àyà jíjá, ṣùgbọ́n omi tó ń kán kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo fún un ju iye tí a jọ ṣàdéhùn lọ.

Tọ́nà wá gba fáàfù, ó gbowó, ó ní kí n wá lọ́la. Mo dé, ó ní kò síná. Mo tún padà lọ, họ́ọ̀bù tírélà ló wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní Lọ́kọ́ja, tírélà tó ń lọ Àbújá kì í yé bàjẹ́, owó ọwọ́ sì ni onítírélà ń san. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹni yìí ò lè sùn sójú títì." Èmi ńkọ́? Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń sùn nínú ilé ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, igi kan ṣoṣo ló sì wà láàárín òun àti Odò Ọya.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ọyẹ́ ń kọjá lọ. Ọ̀rinrin inú atẹ́gùn ló ń jẹ́ kí irin dógùn-ún. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdógùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, àmọ́ bó bá ti kọjá 60, á máa yára. Ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin ni wọ́n ń tàn tọ̀sán-tòru, iná tí a ò ní nìyẹn. Ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè ti ilé ẹ́ńjìnnì pa nígbà tí páìpù ṣì ṣí sílẹ̀? Níkẹyìn, mo gbé àga lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo jókòó. N kò bú u, n kò sì dìde. Ó gé àwo irin náà, ihò rẹ̀ kò bá bọ́ọ̀tì mu. Mo ní kó gé òmíràn, ó sì gé e lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó gba àwo irin náà sọ́wọ́ kó tó yọ fáàfù kúrò.

A dé e pa tán, mo ṣí gbogbo fèrèsé lọ́sàn-án ọyẹ́, mo fi aṣọ funfun bo ojú wọn nítorí eruku. Mo ti ra ohun èlò kékeré tó ń ka ọ̀rinrin ní ọjà Wúsè ní Àbújá; nígbà tó lọ sísàlẹ̀ 40, mo ti ilé pa, mo fi téèpù lẹ etí ilẹ̀kùn àti ẹnu èéfín, mo so àpò silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, kọ́ káàkiri. Hóró rẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó bá ti mu omi yó. Nígbà òjò, a máa ń kó wọn jáde, a ó yan wọ́n lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí wọn ó fi padà sí búlúù. Agbada tí a fi ń yan án kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́ láé o, májèlé wà nínú ohun tó ń pa á láró.

Síńkì tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ìpẹtà máa jẹ ẹ́ dípò irin, iṣẹ́ omi òkun ni. Nínú omi odò, magnesium ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ti Èkó wá ta síńkì fún yín.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ní iṣẹ́ méjì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á fi ọwọ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, á wá yí i ju ìyípo kan lọ díẹ̀, kó má bàa padà dúró sójú kan náà. Èkejì ni okùn. Odò yìí ń ga títí di September àti October, Bẹ́núè sì ń pàdé rẹ̀ níbí pẹ̀lú omi tó bá jáde láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù. Ẹni tó rí omíyalé 2012 àti 2022 mọ̀ pé okùn tí a so le ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn lè fa ọkọ̀ dojú dé. Bàbá ń tú u bí omi ṣe ń gòkè, ó ń fà á padà bó ṣe ń lọlẹ̀, nítorí kí ọkọ̀ má bàa jókòó sórí iyanrìn.

Nígbà tí iṣẹ́ dé, a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn wáyà jẹnẹrétọ̀ bóyá ó gbẹ, kí á tó tan ohunkóhun. Ọ́ìlì, fílítà, bátìrì àti dísù nìkan la ra. Ẹ́ńjìnnì gbiná bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Mo pariwo! Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń fa báàjì lọ sí Ìdàh.