Okùn, òkun, okun: bí mo ṣe sọ àlọ́ Ajá di ìwé ọmọdé

Àlọ́ Ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn ni mo mú. Bí a bá pa á lálẹ́, kì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ìwé tí mo fẹ́ jẹ́ orí 12, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,200 ní orí kọ̀ọ̀kan, fún ọmọ ọdún 8 sí 11. Mo kọ́kọ́ ń fẹ àlọ́ náà lójú lásán, ni Ìjàpá bá gba ìwé mọ́ Ajá lọ́wọ́ kí n tó dé orí 4. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sún Ìjàpá sí orí 6. Ti pé gbogbo ẹranko fẹ́ pa ìyá wọn jẹ, mi ò fọwọ́ kàn án. Àgbà ló ń bẹ̀rù rẹ̀, kì í ṣe ọmọdé.

Orin ló gbé ìwé náà ró:

Ìyá, ìyá, ta okùn wálẹ̀ o,
Àlùjannjan-kí-jan.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fún ayé inú rẹ̀: ohùn ni okùn ọ̀run máa ń gbọ́. Ajá kọrin bó ṣe yẹ, okùn sọ̀ sórí àpáta Ìdànrè, torí ọmọ Àkúrẹ́ mọ òkè yẹn, kò nílò àpèjúwe gígùn. Ìjàpá jí orin kọ, ó pe okùn ní “òkun”, alagbalúgbú omi iyọ̀ bá ya lù ú. Orí 7 nìyẹn.

Lórí bébà A5, pẹ̀lú lẹ́tà ìwọ̀n 14, ó jẹ́ ojú ewé 99. Ojú ewé 16-16 ni wọ́n ń ká bébà ní ilé ìtẹ̀wé tí mo gbé e lọ, 99 á di 112, n ó sì sanwó òfìfo 13. Mo gé 3 kúrò, ó di 96, ìyẹn 16 lọ́nà 6.

Ìtẹ̀wé ló fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Fáìlì Word ni mo gbé lọ. Kọ̀ǹpútà wọn ò ní fọ́ńtì mi, ìyẹn irú lẹ́tà tí mo fi tẹ̀ ẹ́, ó bá fi òmíràn rọ́pò. Ẹ́ àti ọ́ di àpótí kékeré, àmì míì sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Kò sí ẹ́ ní ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà: ẹ ni, a wá gbé àmì lé e lórí, kì í sì í ṣe gbogbo fọ́ńtì ló mọ̀ ọ́n gbé. Wọ́n ní ká kúkú yọ àmì dànù. Háà! Okùn, òkun àti okun tó jẹ́ agbára á di ọ̀kan náà, orí 7 á kú.

Mo lo Charis SIL, fọ́ńtì tó mọ àmì gbé, mo sọ ọ́ di PDF tó gbé fọ́ńtì sínú ara rẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan péré. Ibi tí Ìjàpá ti kọrin ni mo kọ́kọ́ ṣí.