Búlúù tó yọ lójú láptọ́ọ̀pù tí mo gbé macOS sí

Xcode, áàpù Apple tí a fi ń ṣe áàpù fún iPhone, ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà kan ní kí n ṣe áàpù fún iPhone, orí macOS, ètò tí kọ̀ǹpútà Apple fi ń ṣiṣẹ́, nìkan sì ni Xcode ti ń ṣiṣẹ́. Owó MacBook kò sí nílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ní, Intel ìran kẹjọ, Windows ló wà lórí rẹ̀. Mo pín dísíìkì rẹ̀ sí méjì, mo fi OpenCore, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kó tó ṣí macOS tàbí Windows, gbé macOS Monterey sí apá kejì. Kí n má parọ́, àdéhùn Apple ní orí ẹ̀rọ tí Apple bá ṣe nìkan ni ká ti lo macOS. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dáwọ́ lé e.

Gbogbo nǹkan lọ geere, àfi touchpad, ibi pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka fọwọ́ kàn dípò máòsì. Mo fi VoodooI2C, dráíbà touchpad fún macOS, sí i, kò dá mi lóhùn. Mo fi fáìlì kan tó ń jẹ́ SSDT-XOSI kún un, kò dá mi lóhùn. Nígbà tó sú mi, mo yọ SSDT-XOSI kúrò nínú fódà, mo tẹ OC Snapshot nínú ProperTree, áàpù tí mo fi ń tún fáìlì ètò ṣe, kí config.plist, fáìlì ètò OpenCore, lè bá ohun tó kù nínú fódà mu, mo wá lọ ra máòsì oníwáyà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ wọ Windows láti tẹ ìwé iye owó iṣẹ́ fún oníbàárà, torí orí Windows ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo yan Windows lójú OpenCore. Kàkà kó ṣí, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di búlúù: àmì ojú tó fajúro, àlàyé díẹ̀, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ACPI_BIOS_ERROR. Mo pa á, mo tàn án, búlúù. Lẹ́ẹ̀kẹta, búlúù. Windows gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe, ó ní apá òun ò ká a. Mo gbà pé macOS ti ba Windows jẹ́, mo sì ti ń wá fláàṣì tí n ó fi gbé òmíràn sí i nígbà tí àbúrò mi wọlé, tó dúró lẹ́yìn mi, tó ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbìyànjú láti wọ Windows láì gba ọ̀dọ̀ OpenCore yẹn kọjá?”

N ò tíì gbìyànjú ẹ̀. Mo tẹ F12 bí ẹ̀rọ ṣe ń jí, mo yan Windows Boot Manager, ẹnu ọ̀nà Windows fúnra rẹ̀. Windows ṣí wẹ́rẹ́. Ojú tì mí.

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó ro ó. macOS kì í di búlúù báyìí tó bá ṣubú. Ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú ni, tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn kó ní ìṣòro kan ló fà á. Windows ló ń ké, ohun tó ń pa á lẹ́kún sì wà lọ́nà tó gbà wọlé. ACPI ni ìwé tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kọ sínú rẹ̀ láti júwe bátìrì, ìdérí, touchpad àti àwọn yòókù. Àwọn fáìlì SSDT ni OpenCore fi ń kún un. Bí OpenCore bá tún ìwé yẹn kọ, kì í ṣe macOS nìkan ló ń fún. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń fún.

Mo wọ macOS, mo da fódà EFI, ibi tí OpenCore ń gbé, kọ sórí fláàṣì tí mo fọ́mátì sí FAT32, mo ṣí config.plist ibẹ̀. Lábẹ́ ACPI, ní Add, SSDT-XOSI ti lọ. Ó dáa. Ní Patch, ibi tí OpenCore ti ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú ACPI, ni mo ti rí ọ̀daràn: 5F4F5349 sí 584F5349. Kóòdù àmì mẹ́rin-mẹ́rin ni, _OSI di XOSI. _OSI ni orúkọ tí ACPI máa ń pè láti béèrè pé, “Ìwọ tó wọlé yìí, ta ni ọ́?” Nítorí touchpad ni mo ṣe yí orúkọ náà padà, SSDT-XOSI ló sì yẹ kó máa jẹ́ ẹ. Snapshot yọ SSDT-XOSI kúrò ní Add, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan Patch. Ni wọ́n bá ń pe XOSI káàkiri, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. macOS mú un mọ́ra. Windows ò gbà.

Mo sọ Enabled ìlà yẹn di false, lórí fláàṣì, kì í ṣe lórí dísíìkì. Mo tẹ F12, mo gba orí fláàṣì wọlé. Windows ṣí. macOS ṣí. Ìgbà yẹn ni mo tó dà á kọ sórí dísíìkì. Bí mo ti wà nídìí ẹ̀, mo yẹ àwọn SSDT yòókù wò, mo sì rí ọ̀kan tí mo ṣà nínú EFI ẹlòmíràn tí kì í béèrè bóyá Darwin, orúkọ tí macOS ń jẹ́ níbẹ̀, ló wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi MaciASL, áàpù tí a fi ń tún fáìlì ACPI kọ, tún un ṣe kó tó di búlúù míì.

Oníbàárà gba ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án. Touchpad ò tíì dá mi lóhùn. Máòsì oníwáyà yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.