Ẹ Yé Ya Ọfà Kiri: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Systems Thinking

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Àwọn tó ń wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n fẹ́ fi systems thinking (wíwo bí apá ètò kan ṣe ń fa ara wọn, tí a máa ń fi ọfà yà sínú àwòrán, láti ohun tó fa nǹkan sí ohun tó fà) ṣèwádìí lórí igbó, omi tàbí oúnjẹ, kò yé ná owó sórí ohun tí kò ní yí nǹkan kan padà.

1. Ẹ má kọ́kọ́ ra sọ́fítíwíà. Ìwé àti bírò tó láti bẹ̀rẹ̀, Vensim pàápàá, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya irú àwòrán yìí, sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

2. Ọfà tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé lẹ́nu, ẹ pa á rẹ́.

3. Ààlà, ìyẹn ibi tí ẹ ní kí àwòrán yín parí sí. Èyí ló ń dùn mí jù, torí èmi náà ṣe é.

Èédú ni mo ń ṣèwádìí rẹ̀ nígbà náà, ní àwọn abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká. Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ parí sí ni àwòrán mi náà parí sí: àwọn tó ń sun èédú, igi, àwọn ìyá tó ń fi igi dín gàrí. Mo wá dábàá ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀. A náwó, a mọ ààrò, igi ṣì ń wó. Nígbà tí mo padà lọ, ìyá kan tó ń dín gàrí wò mí títí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé ààrò tiwa ló ń jẹ èédú tó ń kún ọkọ̀ Èkó ni?"

Ojú tì mí. Ọkọ̀ yẹn kò sí nínú àwòrán mi rárá. Bí gáàsì bá ti wọ́n ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn ará ibẹ̀ a padà sídìí èédú, owó àpò kan a gòkè, ọ̀dọ́ tí òjò já kulẹ̀ lóko a sì gbé ẹ̀rọ ìgégi. Òrùka kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, èmi ni mo fi bírò gé e sí méjì. Ẹ tẹ̀lé ọjà náà dé ilé ẹni tó ń lò ó, kí ẹ sì tẹ̀lé owó rẹ̀ padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ wá àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí rí pẹ̀lú, torí igi òrí wà lára ohun tí wọ́n ń gé, a kì í sì í pè wọ́n sípàdé.

Àkókò wá ń kọ́? Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so. Báwo ni ìwádìí ọdún 3 ṣe fẹ́ kéde pé igbó ti padà bọ̀ sípò?

Ní 1999, Donella Meadows, onímọ̀ systems thinking ará Amẹ́ríkà, to ibi 12 tí a ti lè tọwọ́ bọ ètò kan kí ó lè yí padà. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí agbára ti kéré jù, ló fi owó orí àti owó ìrànwọ́ sí. Òfin ètò náà lágbára jù wọ́n lọ, èrò tó bí ètò náà sì tún ga ju òfin lọ. Síbẹ̀ owó ìrànwọ́ ààrò ni gbogbo àbá tí mo ń kà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kì í sábà ní igi tó wà níbẹ̀. Kí ni yóò mú un tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín níbẹ̀.

Ẹ má sì tíì tẹ àwòrán sórí bánà ńlá kí ẹ tó gbé e lọ fi han àwọn tí ẹ ya ìgbé ayé wọn. Èédú la fi tún tèmi yà, lórí símẹ́ńtì iwájú ilé ìyá yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ọkọ̀ Èkó sí àárín.