Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń kú lórí eré: rọ́bà epo wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40, ìyẹn alágbára ẹṣin 40, ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, èrò ni mo fi ń gbé láti Ìkòròdú lọ sí Èbúté Èrò. Tó bá ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Tí mo bá tẹná mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí á fi máa wúkọ́, á sì kú. Bí mo bá tẹ pọ́ńpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà rìbìtì tó wà lójú ọ̀nà epo, á tún jí. Ṣé rọ́bà epo, èyí tó ń gbé epo láti táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì, ni kí n pààrọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ojú omi. Bó ṣe ń jí yẹn fi hàn pé epo ni kò tó o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì náwó. Ẹ wo ìdérí táǹkì, kí ihò afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bó bá tì, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́pò epo tó ń jáde, epo ò sì ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan máa wo pọ́ńpù ọwọ́ nígbà tí ẹ bá wà lórí eré. Tó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ fúnra rẹ̀, nǹkan ń dí ọ̀nà láàárín òun àti táǹkì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí kò le, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa wọlé níbìkan, tàbí kí inú pọ́ńpù náà ti bàjẹ́. Tí kò bá ṣe èyíkéyìí níbẹ̀, pọ́ńpù epo ara ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ihò afẹ́fẹ́ ṣí, mo sì ti fọ asẹ́ inú táǹkì. Síbẹ̀ pọ́ńpù ọwọ́ ń tẹ̀ pẹlẹbẹ. Rọ́bà ò ya, ò jò, mo fẹnu fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ kọjá.

Ìdáhùn: Rọ́bà epo ní awọ inú, ọ̀tọ̀ ni tòde. Tí epo àti oòrùn bá ti bá a jà pẹ́, awọ inú á máa ṣí. Lórí eré, tí ẹ́ńjìnnì ń fa epo gidi, awọ yẹn á gbéra, á dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ bá paná, á padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ ẹnu yín fi kọjá. Ẹ gé e nítòsí pọ́ńpù ọwọ́, lápá táǹkì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ bá rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣí kúrò lára, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀, àti pọ́ńpù ọwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún un síwájú. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo, inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ wà. Bí epo bá dín, ọ́ìlì náà dín nìyẹn, písítíìnì á gbóná, á há. Owó rọ́bà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra rọ́bà omi funfun? Ó dínwó gan-an.

Ìdáhùn: Rárá o! Epo á mú un gan paali, á sún kì, á sì máa gba afẹ́fẹ́ wọlé níbi ìsopọ̀. Èyí tó bá jò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni òórùn epo á kó jọ sí, lábẹ́ èrò. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ SAE J1527 tàbí ISO 7840, ìyẹn àmì ìlànà fún rọ́bà epo ọkọ̀ ojú omi, sára rẹ̀. Fún 40 yín, ihò inú 8 mm ló wọ́pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré ń lo 6 mm, àwọn tó ju agbára ẹṣin 100 lọ sábà ń lo 10 mm. Ẹ fi wọn ti àtijọ́, ẹ má rà èyí tó kéré sí i. Ẹ gbé ẹnu ìsopọ̀ náà dání lọ sọ́jà, torí ti Yamaha kì í wọ ti ẹ́ńjìnnì Mercury.

Tẹ́ẹ bá ń dè é, ọfà ara pọ́ńpù ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kílíìpù tí kì í dípata ni kí ẹ fi dè é, ẹ má lo wáyà. Kó gùn tó kí ẹ́ńjìnnì lè yí, kó má sì ká. Ẹ na pọ́ńpù ọwọ́ dúró kí ọfà kọjú sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi le, kí ẹ tó ṣáná sí i ní èbúté láìsí èrò. Níbi ìsopọ̀ tí ọwọ́ yín bá ti tutù fún epo, ẹ paná kí ẹ tún un dè.