Ẹ Ka Ọjọ́ Sẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà fún Gbígbin Tòmátì àti Ẹ̀fọ́ Sínú Garawa ní Houston ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ìwé yìí jáde nítorí àdánù tí a ń rí lọ́dọọdún ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, láti Katy títí dé Missouri City. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, a máa ń bá igi tòmátì tó ga dé àyà ènìyàn, tí ewé rẹ̀ dán, tí èso 20 tàbí 30 sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹyọ kan kò pọ́n nínú wọn. Alẹ́ kan ṣoṣo tí ìrì bá dì ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń kó dànù. Ẹni tó gbìn ín á wá máa sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gba tòmátì. Ilẹ̀ gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín ni kò bójú mu.

Ẹni tó ti bá ìyá rẹ̀ gbin ata lẹ́yìn ilé ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ọ̀ṣun mọ bí a ti ń fọ́n irúgbìn, ó mọ bí a ti ń fi ọ̀pá ti igi tí èso wúwo lórí rẹ̀, nítorí náà a kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé tòmátì ìgbà ìwọ́wé kì í ṣe èyí tí à ń gbìn nígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá dé. Inú ooru oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni à ń gbìn ín, nígbà tí kò wu ẹnikẹ́ni láti jáde síta, kí ìtura oṣù Kẹwàá lè bá a pẹ̀lú òdòdó lórí. Ẹni tó bá dúró de atẹ́gùn tútù kó tó ra irúgbìn ti pẹ́ jù.

Bí a ti ń ka ọjọ́

Ní agbègbè Houston, alẹ́ àkọ́kọ́ tí ìrì ń dì sábà máa ń bọ́ sí àárín ìparí oṣù Kọkànlá sí àárín oṣù Kejìlá. Ó máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní apá àríwá bíi Conroe, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà létí òkun ní Galveston. Ẹ fi ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ṣe òpin, kí ẹ sì máa ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ẹ ó rí iye ọjọ́ tí irú tòmátì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lára páálí irúgbìn rẹ̀: Early Girl ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 55, Juliet nǹkan bí 60, Celebrity nǹkan bí 70, Roma nǹkan bí 75. Ẹ fi ọjọ́ 14 kún un, torí pé oòrùn oṣù Kọkànlá kò lágbára, èso kì í sì í tètè pọ́n nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbin Celebrity yóò ní ọjọ́ 84 lọ́wọ́. Bí ó bá ka ìyẹn sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni yóò já sí. Roma yóò já sí ọjọ́ 3 oṣù kan náà. Ìyẹn ni ìpẹ̀kun, kì í ṣe ọjọ́ tí a fẹ́ kí ẹ lò. Ọjọ́ tí a fẹ́ kí ọmọ tòmátì wọ inú garawa ni láti ọjọ́ 20 oṣù Keje sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í. Iye ọjọ́ tó wà lára páálí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ fọ́n irúgbìn. Ọjọ́ tí ẹ ṣí ọmọ tòmátì kúrò níbi tí ó ti hù, tí ẹ sì gbìn ín sínú garawa, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fọ́n irúgbìn Roma ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án yóò kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ 6 tọ́ ọ, èyí tí í ṣe ọjọ́ 42. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 75 yóò tó bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 117, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní kí èso àkọ́kọ́ tó pọ́n, láì tíì ka ọjọ́ 14 ti oòrùn tí kò lágbára. Lọ́dọọdún ni a ń ṣe ìṣirò yìí lójú àwọn ènìyàn, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń padà lọ fọ́n irúgbìn nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, láàárín ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Keje ni kí ẹ fọ́n tiyín, níbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní í pa á. Bí oṣù Kẹjọ bá fẹ́ parí tí ẹ kò tíì ní ọmọ tòmátì lọ́wọ́, ẹ ra èyí tó ti dàgbà nínú ike oní-gálọ́ọ̀nù 1. Bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án bá ti kọjá, ẹ má gbin tòmátì mọ́ lọ́dún yẹn. Ẹ fi garawa yẹn gbin ẹ̀fọ́.

Àwọn ìyá máa ń bi wá bóyá ọmọ tòmátì kò ní í jóná nínú ooru oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá gbé e sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí ẹ sì fi aṣọ tó tín-ín-rín ṣíji bò ó láti agogo 1 ọ̀sán fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, kò ní í jóná. Ẹ má gbé e ti ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, bí garawa náà bá sì dúdú, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí gbòǹgbò má baà sè. Òdòdó tó kọ́kọ́ yọ lè máa já bọ́ bí alẹ́ bá ṣì gbóná ju ìwọ̀n 75 Fahrenheit lọ. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí alẹ́ bá ti tutù díẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, òdòdó tuntun yóò dúró.

Garawa, ilẹ̀ àti omi

Garawa oní-gálọ́ọ̀nù 5 ni ó kéré jù fún igi tòmátì kan. Igi méjì nínú garawa kan yóò fún yín ní èso tó kéré sí ti igi kan. Ẹ lu ihò 6 sí 8 sí ìdí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdajì ínǹṣì, ẹ má sì kó òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe bu ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí àwọn ará Houston ń pè ní gumbo, sínú rẹ̀, nítorí yóò le bí bíríkì. Àpò kan tí wọ́n kọ potting mix (ilẹ̀ tí wọ́n pò fún gbígbin nǹkan sínú garawa) àti 2 cubic feet sí lára yóò kún garawa 3. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù yóò jó gbòǹgbò nínú garawa. Ẹ lo ajílẹ̀ oníkóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ ìgbìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀, bí èso àkọ́kọ́ bá sì ti tó orí ìka, kí ẹ máa bu ajílẹ̀ olómi sí i ní ọjọ́ 7 sí 7, ní ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ, títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá.

Nínú oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, garawa kọ̀ọ̀kan yóò mu nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 1 ní òwúrọ̀, títí omi yóò fi jáde nídìí rẹ̀. Láti àárín oṣù Kẹwàá, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì kí ẹ tó bu omi. Bí ó bá tutù, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Tòmátì tí ìdí rẹ̀ dúdú tó sì jẹrà kò ní kòkòrò kankan nínú, kò sì sí oògùn tí ẹ ó rà fún un: omi tó pọ̀ lónìí tí kò sì sí lọ́la ló fà á. Bí ẹ bá gbọn igi tí eṣinṣin funfun kéékèèké sì fò sókè, ẹ máa fi omi fọ abẹ́ ewé lówùúrọ̀ ní ọjọ́ 3 sí 3. Igi tí ewé rẹ̀ bá ká, tí etí rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, tí kò sì dàgbà mọ́, ẹ fà á tu, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ má sì ṣàánú rẹ̀, nítorí àwọn tó kù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ẹ gé orí gbogbo ẹ̀ka, kí ẹ sì já òdòdó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn láti ṣe é. Òdòdó ọjọ́ náà kò lè di èso pípọ́n kí òtútù tó dé, oúnjẹ èso tó ti wà nílẹ̀ ni yóò kàn máa jẹ.

Ẹ̀fọ́

Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ mọ gígùn ọ̀sán. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú lọ nínú oṣù Kẹsàn-án, wọn yóò yọ òdòdó kí wọ́n tó ní ewé, èyí ni ewédú oṣù Kẹwàá ṣe ń so nígbà tí kò tíì ga ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ. Ẹ gbìn wọ́n kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ tó parí, kí ẹ sì já wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fa ìdí wọn tu. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di inú oṣù Kọkànlá, àwọn ẹ̀fọ́ òyìnbó bíi collard, kale àti mustard ni kí ẹ gbìn, nínú ike tó jìn tó ínǹṣì 8 sí 10. Ìrì tó dì kì í pa collard, ó sì dára nínú ẹ̀fọ́ rírò ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ata rodo àti ewúro kì í fara da ìrì dídì, ṣùgbọ́n wọ́n lè pẹ́ ju ọdún kan lọ: inú garawa oní-gálọ́ọ̀nù 3 sí 5 ni kí wọ́n wà, kí ẹ lè gbé wọn wọlé.

Nígbà ìjì àti nígbà òtútù

Àsìkò ìjì líle kò parí títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Bí wọ́n bá kéde ìjì, ẹ gbé gbogbo garawa kúrò lórí fàráńdà òkè wá sílẹ̀, nítorí garawa tí atẹ́gùn bá gbé lè ṣe ènìyàn léṣe.

Bí wọ́n bá ní alẹ́ yóò bọ́ sí ìwọ̀n 36, ẹ kó garawa jọ ti ògiri tó kọjú sí gúúsù, ẹ fi aṣọ ìbùsùn àtijọ́ bò wọ́n títí kan ilẹ̀, kí ẹ sì ṣí i ní agogo 9 òwúrọ̀. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó, torí ibi tí ọ̀rá bá kan ewé ni òtútù yóò ti jó o. Bí yóò bá bọ́ sí 32 fún alẹ́ méjì léra wọn, ẹ já gbogbo èso. Èyí tí awọ rẹ̀ ti ń dán, tí ìdí rẹ̀ sì ti ń funfun, yóò pọ́n nínú páálí pẹ̀lú ìwé ìròyìn láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, ní ilé ìdáná, kì í ṣe nínú fíríìjì.

Kí ẹ tó kó garawa pamọ́, ẹ fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí ẹ gbin tòmátì ọdún yìí àti ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ pọ́n sára rẹ̀. Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ kọ ọjọ́ 20 oṣù Keje sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.