Statutory demand dé ọwọ́ yín ní England? Ọjọ́ 18 lẹ ní

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 2022, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn mi ní Leeds. Ó pe orúkọ mi, mo ní èmi ni. Ó na àpòòwé funfun kan sí mi, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò jágbe, kò halẹ̀. Aago tó wò yẹn ni n kò kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Statutory demand ló wà nínú àpòòwé náà, ìyẹn ìwé tí ẹni tó ń sin gbèsè fi ń béèrè owó rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò bá da nǹkan pọ̀ rí ní mo jẹ àwọn ní £6,840 lórí káàdì báńkì tí mo ti pa tì láti 2014, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Báńkì ti ta gbèsè náà fún wọn. N kò lówó lọ́yà, èmi nìkan ni mo lọ sí kóòtù, bí mo sì ṣe rìn ín ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. England àti Wales ni mò ń bá wí o. Òfin Scotland àti ti Northern Ireland yàtọ̀.

Láyé àwọn baba ńlá wa, olówó lè rán ológò lọ dógò ti ẹni tó jẹ ẹ́. Ológò á jókòó sójúde onígbèsè, á máa bú tọmọdé tàgbà ilé, á máa pa adìyẹ wọn jẹ, títí owó á fi jáde. Òyìnbó ò ní í pa adìyẹ yín. Ìwé ló fi ń dógò.

Ìwé yìí kò ti kóòtù wá. Fọ́ọ̀mù ni, ẹni tó ń sin gbèsè ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, adájọ́ kankan kò tíì fojú kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ní 419 ni, tí wọ́n á jù ú síbi kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá tẹ́ ẹ ò san, tẹ́ ẹ ò sì bá wọn ṣàdéhùn, tí gbèsè náà sì tó £5,000, wọ́n lè wọ kóòtù lọ pé kí wọ́n sọ yín di bankrupt, ẹni tí kóòtù kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kọ́, ṣùgbọ́n ilé tẹ́ ẹ ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè lọ sí i, orúkọ yín á sì wà nínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà. (Àwọn àgbà ìjọ wa á sọ fún yín pé £750 ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọdún 2015.)

Ẹ má jẹ́ kí 21 yẹn tàn yín jẹ. Ọjọ́ 18 péré lẹ ní láti ní kí kóòtù fagi lé ìwé náà, láti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn àpòòwé lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti kọjá, ẹ ṣì lè bẹ kóòtù pé kó fún yín láàyè, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó dá yín dúró, kò sì dájú pé wọ́n á gbà.

Ohun tí mo rò pé ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wa jù ni pé a rò pé a gbọ́dọ̀ jàre pátápátá lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kò ní í jókòó dá ẹjọ́ gbèsè náà tán. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àríyànjiyàn gidi wà nílẹ̀, irú èyí tó yẹ kí wọ́n gbọ́ dáadáa ní kóòtù kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ yín di bankrupt. Tí ẹni tó ń sìn yín bá jẹ ẹ̀yin náà ní owó tó tó tiyín tàbí tó jù ú lọ, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yín fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá ti gba dúkìá yín dúró tó tó owó náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé gbèsè náà kì í ṣe tiyín, tàbí ẹ ti san án, tàbí iye rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí ó ti pẹ́ jù.

Tèmi ti pẹ́ jù. Òfin Limitation Act ti 1980 fún ẹni tó ń sin irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 6 láti gbé e lọ sí kóòtù. Lórí káàdì báńkì, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ san owó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á. Ìgbà tí ọjọ́ tí báńkì fún yín nínú default notice, ìyẹn lẹ́tà tó ń sọ pé ẹ ti yẹ àdéhùn, bá pé ni, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019. Nítorí náà ẹ wá lẹ́tà yẹn jáde. Tẹ́ ẹ bá san £5 kí ọdún 6 tó pé, tàbí tẹ́ ẹ kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, mo máa san", ọdún náà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìwà ọmọlúwàbí wa ló ń kó wa sí i: wọ́n á sìn wá, ojú á tì wá, a á bẹ̀bẹ̀ lórí ìwé.

Tí ìdájọ́ kóòtù bá ti wà lórí gbèsè náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dá a láì sí yín níbẹ̀, ìdájọ́ yẹn lẹ ó kọ́kọ́ lọ bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé, fọ́ọ̀mù N244 ni wọ́n fi ń ṣe é.

Fún statutory demand, IAA lorúkọ fọ́ọ̀mù, ó wà lórí GOV.UK. Kóòtù kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Orúkọ kóòtù tẹ́ ẹ máa gbé e lọ wà nínú statutory demand fúnra rẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà statutory demand mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹ̀rí yín tí wọ́n ń pè ní witness statement. Ọjọ́ tí kóòtù bá gbà á wọlé ni ọjọ́ 21 yẹn dúró.

Ẹ̀rí tèmi kò ju ojú ìwé kan àtààbọ̀ lọ. Ìpínrọ̀ 1, ẹni tí mo jẹ́. Ìpínrọ̀ 2, ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìpínrọ̀ 3, mo san £25 kẹ́yìn ní oṣù Kẹta 2014, ẹ wo ojú ìwé 4 nínú àwọn ìwé tí mo so mọ́ ọn. Ìpínrọ̀ 4, default notice dé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹ wo ojú ìwé 5. Ìpínrọ̀ 5, n kò san nǹkan kan, n kò sì kọ̀wé kankan láti ìgbà náà. N kò sọ̀rọ̀ ìyà tó jẹ mí, n kò bú ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn òtítọ́ tí òfin là kalẹ̀, ẹ dà á kọ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Irọ́ nínú rẹ̀ lè di ẹjọ́ mìíràn.

Òfin kóòtù sọ pé èdè ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n fi kọ ẹ̀rí. Tí Gẹ̀ẹ́sì yín kò bá já gaara, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ìtumọ̀ òun péye, kẹ́ ẹ kó méjèèjì lọ. Màmá kan ní ìjọ wa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Adájọ́ bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, màmá wò ó tìtì.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe National Debtline, StepChange tàbí Citizens Advice, àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn. Ọ̀fẹ́ ni. Tí gbèsè náà bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, tí kò sì sí àwáwí, àwọn náà ló lè bá yín wá Breathing Space, ìsinmi ọjọ́ 60 tí òfin fi ń dá àwọn tó ń sin gbèsè dúró, ìyẹn sàn ju kóòtù lọ. Ẹni tó bá lọ láìní ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ lè san owó lọ́yà àwọn tó ń sìn ín.

Kóòtù kò jọ ti fíìmù. Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, ife omi. "Judge" ni mo pe adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí. Lọ́yà tí ilé iṣẹ́ náà rán wá kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Adájọ́ bi í pé ìgbà wo ni mo san owó kẹ́yìn. Ó ṣí fáìlì, ó tún ṣí i, ó ní òun kò ní àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Adájọ́ yíjú sí mi. Mo ní, "Ojú ìwé 4, Judge." Ó fagi lé e, ó sì ní kí wọ́n san £112 fún mi, owó ọkọ̀ àti àkókò mi.

Fífagi lé e kò pa gbèsè rẹ́ o. Wọ́n ṣì lè pè yín lẹ́jọ́ lórí owó náà ní kóòtù, ẹ̀yin náà á sì gbèjà ara yín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ mìíràn kọ̀wé sí mi lórí káàdì kan náà. Òfin FCA, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ owó, ni pé tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn pé ẹ ò ní í san torí àkókò rẹ̀ ti kọjá, wọn kò gbọ́dọ̀ máa sìn yín mọ́. Mo kọ ìlà méjì tó sọ bẹ́ẹ̀, mo fi ẹ̀dà àṣẹ kóòtù tì í, mo lọ fi ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú fáìlì, lẹ́yìn ojú ìwé 5.