Bí mo ṣe fi ìdọ́gba ìṣirò wọn eré àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì ló wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo. Àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 12, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí: àbúrò ní eré òun kò kéré sí ti ẹ̀gbọ́n òun, torí àwọn jọ máa ń dé ẹnu géètì ni. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, iwájú ló ti máa ń gbéra. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lù pọ̀ mọ́ra, ìyẹn bí èèyàn ṣe yára tó àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdọ́gba onílà tààrà (linear equation), èyí tí gíráàfù rẹ̀ máa ń jẹ́ ìlà tó tọ́, tí wọ́n ń kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

A lọ sí pápá kan lágbègbè Òkè-Fìà láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú. Tépù káfíńtà tó wà nílé kò ju mítà 5 lọ, nítorí náà mo fi wọn okùn kan títí ó fi pé mítà 20, mo gé e, okùn yẹn ni mo sì fi wọn pápá. Mo ri igi mọ́lẹ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀, mo tún ri òmíràn ní mítà 20, 40 àti 60. Mo so àkísà pupa mọ́ wọn kí n lè máa rí wọn lókèèrè.

N kò jẹ́ kí wọ́n gbéra láti ìdí igi àkọ́kọ́. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra kò tíì wọnú eré. Usain Bolt pàápàá, nígbà tó sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, ìṣẹ́jú àáyá 2.89 ló lò fún mítà 20 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti mítà 60 dé 80, 1.61 péré ló gbà á. Ìlà tààrà kò lè gba irú eré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wá ní kí àwọn ọmọ náà gbéra láti nǹkan bíi mítà 10 sẹ́yìn. Ìgbà tí àyà wọn bá kọjá igi àkọ́kọ́ ni mo tó ń tẹ aago inú fóònù mi.

Ẹ̀gbọ́n kọjá àwọn igi yòókù ní ìṣẹ́jú àáyá 4.1, 8.0 àti 12.1. Àbúrò kọjá tirẹ̀ ní 4.9, 10.1 àti 15.0. Láti igi kan sí èkejì, ẹ̀gbọ́n ń lo bíi 4, àbúrò ń lo bíi 5, kò sì yí padà púpọ̀. Tí a bá fi 4 pín 20, á fún wa ní 5; tí a bá fi 5 pín in, á fún wa ní 4. Nítorí náà, mítà 5 ni ẹ̀gbọ́n ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 4 ni ti àbúrò. Mo fi j dúró fún jíjìn, mo fi a dúró fún àkókò:

ẹ̀gbọ́n: j = 5a
àbúrò: j = 4a

Mo fi rúlà fa méjèèjì sórí ìwé gíráàfù. Igun kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n dúró ṣánṣán ju ti àbúrò lọ. Bí ìlà bá ṣe dúró ṣánṣán sí ni eré ṣe pọ̀ sí. Tí mo bá gbé àbúrò síwájú, ńṣe ni ìlà rẹ̀ máa gbéra láti òkè, kò ní dúró ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò fi ìka tọ ìlà náà títí, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ pé iwájú tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń gbè mí.” Inú mi dùn gan-an.

Ó kù kí n wá bí wọ́n ṣe máa jọ parí mítà 100. Ẹ̀gbọ́n máa lo ìṣẹ́jú àáyá 20. Láàárín àkókò yẹn, mítà 80 ni àbúrò máa sá, nítorí náà mítà 20 ló yẹ kó fi ṣáájú: j = 4a + 20. Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, 5a = 4a + 20. Yọ 4a kúrò lápá méjèèjì, a di 20, j sì di 100.

A sá a. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìdúró ni wọ́n ti gbéra. Ìyẹn kò ba ìṣirò náà jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àkókò tí gbígbéra ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n fi bí ẹsẹ̀ kan ṣáájú dé òpin mítà 100 náà. Lójú tèmi, ó rẹ àbúrò lẹ́yìn mítà 60, ibi tí n kò wọn eré rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n wá bèèrè pé tí òun bá bá Tobi Amusan sáré ńkọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ni Tobi fi sá mítà 100 tòun ti igi ìdènà mẹ́wàá tó ń fò, ní Eugene ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, tó fi dá ìtàn tuntun sílẹ̀ lágbàáyé. Láàárín àkókò yẹn, mítà 60.6 ni ẹ̀gbọ́n lè sá, ó ku 39.4. Ó lọ dúró sí ìdí igi tó wà ní mítà 40, ó wẹ̀yìn wo gbogbo ilẹ̀ tó fi sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an kò tíì tó, torí ìgbà tí ìbọn dún ni wọ́n ti ń ka ti Tobi, èmi sì rèé, ìgbà tó ti wọnú eré ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀.